Ọtí Tó Hó Tán àti Èyí Tó Kàn Dákẹ́

Ohun tó ń yọ ẹni tó ń pọn bíà nílé lẹ́nu jù kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń se ọkà tàbí irú ìwúkàrà tó yẹ kó rà. Ìgbà tí gbogbo làálàá ti parí, tí ọtí ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì ní kọ̀rọ̀ yàrá, ni ìbéèrè tó le jù ń dé: ṣé ó ti hó tán? Ìwé pélébé inú páálí èlò tó rà á ní kó dúró fún ọjọ́ méje. Ẹlòmíràn á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kẹta á ní kó máa wo páìpù olómi tó wà lórí ìdérí, pé bí kò bá ti hó mọ́, kó rọ ọtí sínú ìgò. Mo ti yẹ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo sì rí ni pé ìbéèrè mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dáhùn. Ìgbà tí ọtí dákẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ọtí lè dákẹ́ kó má tíì parí, ó sì lè parí kó má tíì dákẹ́.

Ìgò ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn. Bí ọtí bá wà nínú ìkòkò tí a kò dé pinpin, kò séwu nínú pé ó ṣì ń hó; gáàsì á wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ìdérí irin pa ìgò dé, gbogbo ṣúgà tí ìwúkàrà bá lè jẹ níbẹ̀ ló máa sọ di gáàsì tí kò ríbi gbà jáde. Ìgò á bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á fò káàkiri yàrá, ó sì lè gba ojú ẹni. Nítorí èyí ni mo ṣe ka ìbéèrè yìí sí ọ̀rọ̀ ààbò kí n tó kà á sí ọ̀rọ̀ adùn.

Ní àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ńláńlá, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló ń dáhùn rẹ̀. Ó di ìbéèrè ará ilé nígbà tí òfin tú pípọn bíà nílé sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1880 ni ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà nílé ti gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, títí di 1963 tí Reginald Maudling tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà fi mú un kúrò. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹwàá 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó fàyè gba ará ilé, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 1979. Bí ọjà náà ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni páálí tó ní ohun gbogbo nínú ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń ta páálí fẹ́ kí ìlànà rẹ̀ rọrùn, ọjọ́ méje sì rọrùn láti tẹ̀ sórí ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kò mọ kàlẹ́ńdà. Omi ọkà tí a sè kún fún oríṣiríṣi ṣúgà, ìwúkàrà kì í sì í jẹ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Glucose ló kọ́kọ́ ń jẹ. Lẹ́yìn náà ló ń kọjú sí maltose, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó máa ń fi maltotriose sí ìgbẹ̀yìn, nítorí ó ṣòro fún un láti gbé wọlé. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ dextrin, tí ìwúkàrà bíà lásán kò lè fọwọ́ kàn. Ìyẹn ló ń kù sínú ọtí, tí bíà fi ń ki díẹ̀ lẹ́nu. Ní nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24 àkọ́kọ́, ojú lè má rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, ìfófó á ru sókè, gáàsì á máa tú jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ojú á ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ìwúkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ṣúgà tó le ni, nígbà tí oúnjẹ ti dín kù, tí álíkọ́ọ̀lù ti pọ̀, tí púpọ̀ nínú ìwúkàrà náà sì ti ń rì sísàlẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí kì í pariwo. Òun gan-an ló ń fọ́ ìgò.

Páìpù olómi ni àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé jù, òun náà ló sì ń tan ni jẹ jù. Omi inú rẹ̀ ń hó nítorí pé gáàsì ń jáde, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ìwúkàrà ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí náà. Bíà tó wà ní 20°C lè gba gáàsì carbon dioxide tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́ra. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí ọtí gbóná díẹ̀, gáàsì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, páìpù á tún máa hó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Bí ìdérí kẹ́ẹ̀gì kò bá sì dé dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ni gáàsì máa gbà lọ. Páìpù kò ní hó rárá, ọtí á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní pẹrẹu. Iṣẹ́ páìpù ni láti dènà afẹ́fẹ́ òde àti eṣinṣin. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìfófó kò sàn jù ú lọ púpọ̀. Lóòótọ́, bí ìfófó bá ṣì nípọn lórí ọtí, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwúkàrà kan wà tí ìfófó wọn kì í wálẹ̀ àfi bí ènìyàn bá mi kẹ́ẹ̀gì, àwọn mìíràn kì í sì í ru sókè tó nǹkan. Ní ti kí ọtí tòrò, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ìwúkàrà ti rì. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tètè dì mọ́ra wọn, wọ́n á di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí ṣúgà ṣì kù; ọtí á tòrò, á mọ́ lójú, á sì tún dùn lẹ́nu ju bó ṣe yẹ. Ní ìdàkejì, ìwúkàrà tí àwọn ará Jámánì fi ń pọn bíà àlìkámà kì í fẹ́ rì. Ọtí náà á ti parí pátápátá, á sì ṣì rú.

Ahọ́n wúlò ju gbogbo èyí lọ. Ẹni tó ti tọ́ omi ọkà náà wò kó tó fi ìwúkàrà sí i á mọ̀ bí adùn bá ti lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kíkorò hóòpù, òdòdó tí wọ́n ń fi sí bíà, máa ń bo adùn mọ́lẹ̀, ahọ́n kò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọtí tó ku díẹ̀ àti èyí tí kò ku nǹkan kan. Díẹ̀ yẹn ló sì léwu.

Ohun tó lè wọ̀n ọ́n ti wà tipẹ́. Ní 1784, John Richardson, apọntí kan ní ìlú Hull, tẹ ìwé kan jáde nípa bí apọntí ṣe lè fi ohun èlò tó ń léfòó wọn ohun tó wà nínú omi ọkà. Àwọn tó ń gba owó orí ọtí líle ti ń lo irú rẹ̀ ṣáájú. Richardson wá sọ ọ́ di ohun tí apọntí fi ń ṣírò ọkà tó kó sínú iṣẹ́. Irú ohun èlò yẹn náà, haidirómítà, ni apọntí ilé ń rà lónìí, kò sì wọ́n. Ọ̀pá gíláàsì ni, tó wúwo nísàlẹ̀, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Nínú omi lásán á dúró ní 1.000. Nínú omi ọkà dídùn, tó ki ju omi lọ, á léfòó sókè, nọ́ńbà rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi 1.050. Bí ìwúkàrà ṣe ń sọ ṣúgà di álíkọ́ọ̀lù, tí álíkọ́ọ̀lù sì fúyẹ́ ju omi lọ, ọ̀pá náà á máa rì. Ọtí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.050, tó sì dúró ní 1.012, ti ní álíkọ́ọ̀lù tó tó ìdá 5 nínú 100.

Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí kò le: ẹ wọn ọtí lónìí, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba, ó ti dúró. Bí ó bá ti fi 0.001 péré wálẹ̀, kò tíì dúró, kí ìgò dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹ má da èyí tí ẹ wọ̀n padà sínú kẹ́ẹ̀gì, nítorí ìdọ̀tí. Ẹ mu ún, ẹ ó sì máa mọ bí adùn rẹ̀ ṣe ń yí.

Àwọn ohun kéékèèké kan lè ba ìwọ̀n yìí jẹ́. Gáàsì inú ọtí máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá náà, á gbé e sókè, ọtí á wá dà bí ẹni pé ó ki ju bó ṣe rí. Ẹ máa dà á láti inú ife kan sí òmíràn títí gáàsì fi máa lọ. Èkejì ni ooru. Ìwọ̀n 20°C ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀pá náà fún, ti àwọn ọ̀pá àtijọ́ sì jẹ́ 15.6°C. Ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, ọtí tó wà ní yàrá lè tó 30°C, ìki rẹ̀ á sì fi bíi 0.0025 hàn kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ ọyẹ́, tó tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan, lè rò pé ọtí ṣì ń rìn nígbà tó ti dúró. Ẹ jẹ́ kí ooru ìgbà méjèèjì bára mu, kò sí ìdí fún ìṣirò kankan. Àwọn kan fẹ́ràn ohun èlò tí wọ́n fi ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú ọtí, nítorí ẹ̀kán díẹ̀ péré ló ń fẹ́. Ó dára kí ọtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí álíkọ́ọ̀lù bá ti wọ inú rẹ̀, nọ́ńbà tó ń fi hàn á ga ju òtítọ́ lọ, àfi kí ènìyàn fi ìṣirò tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ń parí sórí nọ́ńbà méjì tó dọ́gba, ó sì kù díẹ̀ káàtó. Ọtí lè dúró ní 1.020 fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má sì parí. Òtútù òru lè ti mú kí ìwúkàrà sùn. Ó lè jẹ́ pé ìwúkàrà tí a fi sí i kò tó, tàbí pé kò rí atẹ́gùn tó nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí irú ọtí bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ìgò, tí ìgò wọ ibi tó móoru, ìwúkàrà á jí. Ṣùgbọ́n 1.020 yẹn náà lè jẹ́ òpin tòótọ́. Bí ooru omi tí a fi rẹ ọkà bá ti tó 70°C, dextrin tó máa wà níbẹ̀ á pọ̀ gan-an, ìwúkàrà kò sì ní ohun tó lè ṣe sí i. Haidirómítà kò lè fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì hàn.

Ohun tó lè fi í hàn wà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn apọntí ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ní ọjọ́ tí ẹ pọn ọtí, ẹ bu díẹ̀ nínú omi ọkà náà sínú ìgò tó mọ́, ẹ da ìwúkàrà púpọ̀ sí i, ju èyí tó yẹ lọ dáadáa, ẹ má dé e pinpin, ẹ gbé e sí ibi tó móoru bíi 25°C, ẹ sì máa mì ín léraléra. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìwúkàrà á ti jẹ gbogbo ohun tó lè jẹ níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà yẹn ni òpin ọtí yín. Bí ó bá jẹ́ 1.012, tí kẹ́ẹ̀gì ńlá dúró ní 1.020, ẹ mọ̀ pé ó sùn ni: ẹ gbé e síbi tó móoru, ẹ rọra ru gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sókè, tàbí kí ẹ fi ìwúkàrà tuntun tó ti ń hó sí i. Bí ìgò kékeré náà bá dúró ní 1.020, ọtí ti parí, ẹ kò ní ìdí láti máa dààmú. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ń ṣe àyẹ̀wò yìí, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tó kọjá agbára ilé ìdáná.

Nọ́ńbà ti dúró, ṣúgà ti tán. Síbẹ̀ ọtí lè ṣì má tíì tó mu. Nígbà tí ìwúkàrà ń dàgbà, ó máa ń tú ohun kan sínú ọtí tó ń yípadà fúnra rẹ̀ di diacetyl, tó ń rùn bíi bọ́tà. Bí a bá fún un láyè, ìwúkàrà náà á gbé diacetyl yìí padà sínú ara rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ohun tí ahọ́n kò lè mọ̀. Ẹni tó bá kù gììrì gbé ọtí sínú fíríìjì ní ọjọ́ tí nọ́ńbà dúró ti gba iṣẹ́ ìkẹyìn lọ́wọ́ ìwúkàrà. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ẹ bu ọtí sínú ife méjì, ẹ dé ọ̀kan, ẹ gbé e sínú omi gbígbóná tó tó 60 sí 70°C fún bíi ìṣẹ́jú 20, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá gbóòórùn méjèèjì. Bí èyí tó gbóná bá ń rùn bíi bọ́tà, ọtí ṣì ní iṣẹ́ níwájú, bí èyí tí kò gbóná kò tilẹ̀ rùn. Bíà tí a pọn ní òtútù bíi 10°C ló nílò àyẹ̀wò yìí jù, torí nínú òtútù, ìwúkàrà kì í yára palẹ̀ mọ́.

Àwọn ọtí kan wà tó máa ń parí, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1893, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Brown àti Morris, kọ̀wé pé hóòpù gbígbẹ tí a jù sínú bíà lẹ́yìn tó ti hó ní agbára láti gé dextrin sí ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ. Ẹni tó bá fi hóòpù sí ọtí lẹ́yìn tó dúró gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n. Oríṣi ìwúkàrà kan tó ń jẹ́ diastaticus ń ṣe irú iṣẹ́ gígé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi ń pọn ọtí oko ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní saison; á máa lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìwúkàrà mìíràn, Brettanomyces, tí Claussen ní ilé iṣẹ́ ọtí Carlsberg kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1904, lè gba oṣù. Fún àwọn wọ̀nyí, ọjọ́ mẹ́ta láàárín nọ́ńbà méjì kò tó rárá.

Ìṣirò ìgò ló yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sáré. Bí ìki ọtí bá fi 0.001 wálẹ̀ nínú ìgò tó ti dé, gáàsì tó máa jáde tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ọtí náà. Bíà inú ìgò sábà máa ń ní gáàsì tó tó ìlọ́po 2.2 sí 2.7 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣúgà gíráàmù 6 sí lítà kọ̀ọ̀kan kó lè hó díẹ̀ nínú ìgò, bí àṣà àwọn apọntí ilé ṣe rí, á dé nǹkan bíi 2.4. Ká wá ní ó dé ìgò ní 1.016 nígbà tí òpin rẹ̀ jẹ́ 1.012. Ìlọ́po 2 mìíràn á gorí rẹ̀, á di 4.4, ìgò bíà lásán kò sì ṣeé fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Nǹkan 0.004 péré ni, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n, ojú kò lè rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba ni níyànjú pé kí ènìyàn máa fi ìgò ike kan sáàárín ìgò gíláàsì rẹ̀. Ọwọ́ ni á máa fi tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí ó bá ti le gan-an tí kò tẹ̀ mọ́, kí gbogbo yòókù wọ fíríìjì lọ́jọ́ náà.

Ooru ilẹ̀ wa mú kí gbogbo èyí yára. Ìwúkàrà bíà tí àwọn ará Yúróòpù ń lò ní 18 sí 22°C máa ń hó kíákíá ní 30°C, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kì í dára. Àwọn ará oko ní ìwọ̀ oòrùn Nọ́wè ní ìwúkàrà àtọwọ́dọ́wọ́ kan, kveik, tó fẹ́ràn 30 sí 40°C, tó sì lè parí iṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lójú tèmi, òun ló yẹ ẹni tó ń pọn bíà ní yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Èkó. Bí ó ṣe yára tó kò yọ ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì kúrò.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò lo haidirómítà rí, ìgò kankan kò sì bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rẹ àgbàdo, wọ́n jẹ́ kó hù, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sè é, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì jẹ́ kó hó. Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè Parakou, ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn tchoukoutou. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí àná, kpètè-kpètè, ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ tòní. Ó ti ń kan kí ìwúkàrà tó gbà á, ó ń hó mọ́júmọ́, wọ́n sì ń tà á lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tó bá ń hó lọ́wọ́ ni wọ́n ń mu ún. Ìfófó inú igbá ni àmì pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá ti dákẹ́, kíkan ló kù fún un, oníbàárà á sì yà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè níbẹ̀ pé ṣé ó ti hó tán, nítorí pé ọtí tó ti hó tán ti kọjá àkókò rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí pé fún ìkòkò àti igbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ nígbà tí a bá rọ ọtí tó ń hó sínú ìgò ike, tí a dé e pa, tí a sì gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ọjà ìlú mìíràn. Dídúró de òpin kò bá irú ọtí bẹ́ẹ̀ mu, torí òpin rẹ̀ kò dára lẹ́nu. Dídá a dúró ló kù. Fíríìjì á fà á sẹ́yìn, kò ní pa á. Ooru tó tó bíi 60 sí 65°C fún ìṣẹ́jú mélòó kan á pa ìwúkàrà, nípa ọ̀nà tí a fi orúkọ Louis Pasteur pè, ẹni tó kọ odidi ìwé lórí bíà ní 1876. Inú ìkòkò tó ṣí ni ká ti ṣe é, kí gáàsì ti jáde, kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò tó mọ́. Ẹni tó bá gbé ìgò tó dé, tó kún fún gáàsì, sínú omi gbígbóná ń wá ìjàǹbá. Ọtí tó jáde níbẹ̀ kò ní hó lẹ́nu mọ́, àwọn tó mọ tchoukoutou á sì mọ̀ pé ohun kan ti lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ pàdánù híhó yẹn kò gbọ́dọ̀ dé ìgò rẹ̀ pinpin. Kí ó jẹ́ kí ìdérí dẹ̀ díẹ̀, kí ó gbé e sínú òtútù láti ilé títí dé ọjà, kí ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ ketekete pé ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n mu ún.